Orí Wíwú: Bí Oríkì Ṣe Ń Kọ́ni Ní Ìgboyà ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Ẹni tí wọ́n bá kì tó dùn mọ́ a ní, "Orí mi wú." Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i ni pé ó ti fojú inú rí ara rẹ̀ bí ẹni tó tóbi ju bó ṣe wà lọ. Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ìlú mẹ́ta tí ọ̀nà kan so pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń ya àwòrán náà síni lọ́kàn.

Nígbà tí ogun gbòde ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ará Òkukù forí pamọ́ sí Ìkìrun. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ọdún 1878, Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n, Balógun Ìbàdàn, ṣẹ́gun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá níbẹ̀. Àwọn tó ń sá já lu odò Ọ̀tìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ogun Jálumi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Òkukù padà sílé. Láyé ogun bẹ́ẹ̀, jagunjagun tí wọ́n fi ìlù àti ohùn ka akọni ìdílé rẹ̀ fún ti mọ irú ẹni tó yẹ kí òun jẹ́ kó tó fa idà yọ.

Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Òkukù ní àwọn ọdún 1970. Ìwé rẹ̀ lórí oríkì ìlú náà, I Could Speak Until Tomorrow, jáde ní 1991. Ó fi hàn pé àwọn obìnrin ló di púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà mú, àti pé iyì ọkùnrin ńlá kì í pé láìsí ẹni tó ń kì í. Ó kọ nípa rárà ìyàwó pẹ̀lú. Nígbà náà, omidan a kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣáájú rẹ̀, a fi dánra wò, kó tó fi dágbére fún ẹbí. Á ki orílẹ̀ rẹ̀, á tọrọ ìre lẹ́nu òbí, á sì fi ẹnu rin ìrìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì rìn.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tiwọn láti fojú inú rí ara wọn. Émile Coué (1857–1926), apoògùn ará Faransé, ní kí aláìsàn máa sọ fún ara rẹ̀ ní àràárọ̀ àti alaalẹ́ pé ara òun ń yá sí i. Eléré ìdárayá òde òní a máa dijú wo eré tó fẹ́ sá. Òun nìkan ló rí i. Oríkì ní ẹlẹ́rìí: gbogbo agbo gbọ́ irú ẹni tí wọ́n pè ọ́, ojú á sì tì ọ́ bí o bá kéré sí i.

Ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń pe "Àkànní" tàbí "Àbẹ̀kẹ́" fún ọmọ tó ń lọ ṣe ìdánwò, tó ń fi orílẹ̀ rẹ̀ tì í. Oríkì kò ní bá a kọ ìdánwò náà, kò sì ní rọ́pò ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò dá nìkan wọ gbọ̀ngàn. Ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ wa ní oríkì wọn, títí wọn yóò fi lè ki ara wọn.