Ẹ̀fẹ̀, Eré Àwọn Àgbà ní Kétu

Bí ọmọdé bá ń ṣeré, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá ń ṣeré, àwọn ènìyàn a ní kò níṣẹ́ ṣe. Wọn a ní ó ti dàgbà, kò gbọ́n. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa àti àwọn ìyá wa ṣe rí i? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ayò. Ní ọ̀pọ̀ ìletò Nàgó, ẹ ó rí ọpọ́n ayò lábẹ́ igi tàbí níwájú ilé. Ihò méjìlá ló wà nínú ọpọ́n: mẹ́fà níhà ọ̀dọ̀ mi, mẹ́fà níhà ọ̀dọ̀ rẹ. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á wò: 4 lọ́nà 12, ó jẹ́ 48. Ẹni méjì péré ló ń ta ayò, ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́wàá lè dúró yí wọn ká, kí gbogbo wọn máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ ayò ta ni à ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Ọ̀ta a máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́. Ì báà ṣe pé olówó ni òpè, tí ọ̀ta sì jẹ́ alágbàṣe inú oko rẹ̀, yẹ̀yẹ́ kò ní dín. Ẹni tó bá bínú, wọn a ní kó dìde, kí ẹlòmíràn jókòó.

Èyí ni eré ojoojúmọ́. Ní ilẹ̀ Kétu, àwọn àgbà tún ní eré kan tó ju ayò lọ. Gbogbo ìlú ló ń bá wọn ṣe é, ní òru. Orúkọ rẹ̀ ni Ẹ̀fẹ̀.

Kí ni ẹ̀fẹ̀? Àwàdà ni. Ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ tí yóò pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ló ń sọ. Òru Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ń jó lọ́sàn-án. Àwọn méjèèjì, eré kan náà ni.

Níbo ni eré yìí ti wá? Ìtàn rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan ní Ilobi ló ti ṣẹ̀, àwọn kan ní Kétu ni. Ìtàn kan wà tó so ìlú méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní ọba kan wàjà ní Kétu, ó sì fi ìbejì ọkùnrin sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ń du oyè. Ọ̀kan gbìmọ̀ láti pa èkejì. Èkejì gbọ́, ó sá lọ sí Ilobi. Níbẹ̀ ló ti dá ọgbọ́n. Ó ṣe ohun kan tó dà bí ènìyàn, ó fi igi ṣe orí fún un, ó sì so ìkarahun ìgbín mọ́ okùn, kí ó lè máa dún. Àwọn tí wọ́n rán wá pa á dé ní òru. Wọ́n gbọ́ ariwo nínú òkùnkùn. Wọ́n rí ojú kan tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n sá lọ. Nígbà tó yá, ohun tó lé àwọn apànìyàn sá di ohun tí à ń wò, tí à ń fi rẹ́rìn-ín.

Èmi fẹ́ràn ìtàn yìí ju àwọn ìyókù lọ, nítorí kò sí idà nínú ọgbọ́n ọmọ ọba náà. Àwọn tó ṣe ìwádìí nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bíi Henry Drewal àti Margaret Drewal tí ìwé wọn jáde ní 1983, rò pé nígbà tí àwọn ọdún 1700 ń parí lọ ni eré náà bẹ̀rẹ̀, láàrin àwọn ará Kétu.

Ẹ wá wo bí òru Ẹ̀fẹ̀ ṣe ń rí. Wọn a máa ṣe é ní ọdọọdún. Wọn a tún máa ṣe é nígbà tí ọ̀dá bá wà tàbí tí àjàkálẹ̀-àrùn bá dé. Ẹ rò ó wò: òjò kò rọ̀, àrùn wà nílùú, àwọn àgbà ní kí a pe aláwàdà! Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ìyá wa ni wọ́n ń fi eré náà bẹ̀. Wọ́n gbà pé agbára ńlá wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin, pàápàá àwọn àgbà obìnrin. Agbára náà lè tún ayé ṣe, ó sì lè bà á jẹ́. Inú ìyá tó bá ń rẹ́rìn-ín dùn. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn kì í bínú sí ìlú.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn ènìyàn a kó àga àti ẹní wọn lọ sí gbàgede, tàbí sí ọjà. Ìlù a máa dún. Ní Kétu, wọn kì í sáré mú olórí eré jáde. Arabi Ajígbálẹ̀ a kọ́kọ́ jáde láti gbá ilẹ̀. Agbéná a jáde, ó ru iná. Lẹ́yìn èyí ni Tètèdé, ẹni tó tètè dé gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Òun ló ń fi orin pe ọ̀gá rẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó tún pè é. Ìgbà tí ara gbogbo ènìyàn kò lè gbà á mọ́, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ á dáhùn, á sì jáde pẹ̀lú igi fínfín lórí rẹ̀.

Kò ní bẹ̀rẹ̀ àwàdà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò júbà ná. Yóò júbà àwọn òrìṣà, yóò júbà àwọn ìyá, yóò júbà àwọn àgbà. Yóò súre fún ìlú. Ìgbà tí ó bá júbà tán ni ọ̀rọ̀ tó kù yóò wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀.

Ta ni ó ń bá wí? Gbogbo ènìyàn ni. Ahun wà níbẹ̀. Olè wà níbẹ̀. Ọkọ tí kò bọ́ aya rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyàwó oníjà wà níbẹ̀, olóyè tó ń jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ a dá orin, àwọn tó jókòó a gbè é. Bí orin náà bá dùn mọ́ wọn, wọn a ní kó tún un kọ. Yóò máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ mọ́. Ẹni tí wọ́n kọrin nípa rẹ̀ lè wà láàrin wọn, kí òun náà máa gbè é, kí àwọn èèyàn má baà mọ̀ pé ó dùn ún.

Kò gbọdọ̀ gbẹ̀san lára Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀. Bí àṣà ṣe fi lélẹ̀ nìyẹn. Ohun tí tálákà kò lè sọ lójú ọ̀sán níwájú olówó, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ lè sọ ọ́ ní òru yẹn, kí ó sì sùn ní ilé rẹ̀. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni èyí. Ilé-ẹjọ́ a máa gba owó lọ́wọ́ ẹlẹ́bi, a sì máa tì í mọ́lé. Ìjà a máa fọ́ orí. Òru Ẹ̀fẹ̀ a mú ojú ti ẹlẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n a fi í sílẹ̀ láàrin ìlú rẹ̀. Lọ́la, yóò tún lọ sí oko, yóò tún kí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Kìkì pé àwọn ọmọdé ti mọ orin náà.

Ní ọ̀sán, ẹ̀rín tún yí padà. Ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń múra bí obìnrin. Wọn a di aṣọ kí ọmú wọn lè tóbi, wọn a di ìdí wọn kí ó lè yọ. Irin tó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ bá ìlù mu, láìyẹsẹ̀. Lórí igi tí wọ́n dé, agbẹ́gilére a gbẹ́ ohun tó bá wù ú: ẹyẹ, ejò tó ń bá ẹranko jà, obìnrin tó gbé igbá ọjà. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dé, wọ́n gbé e sórí igi. Nígbà tí alùpùpù dé, wọ́n gbé òun náà. Nígbà tí òyìnbó ń ṣe ìjọba lé wa lórí, wọ́n gbẹ́ òyìnbó pẹ̀lú fìlà líle rẹ̀, wọ́n sì mú un jó ní gbàgede.

Ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Ìyálàṣẹ ni olórí ní ìhà àwọn obìnrin, Bàbálàṣẹ ni ní ìhà àwọn ọkùnrin.

Ìbànújẹ́ ti bá àwọn tó ni eré yìí gan-an. Ní 1886, ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu. Wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ. Ìlú di ahoro. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tó kù tó rí ọ̀nà padà wálé, wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ ní 1894. Ẹnu-bodè Akaba Ìdènà ṣì wà níbẹ̀ di òní gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ogun náà. Àwọn tó padà ní ilé láti kọ́, wọ́n ní igbó láti ṣán, wọ́n sì ní òkú láti sunkún. Síbẹ̀, Ẹ̀fẹ̀ kò parun. Ẹni tó bá rò pé ẹni tí kò níṣòro ló ń ṣe àwàdà, kí ó rántí Kétu.

Eré náà tilẹ̀ kọjá òkun. Àwọn Nàgó tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, mú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dání. Ní ìlú Salvador, wọ́n a máa ṣe é ní ọjọ́ 8 oṣù Dìsẹ́ńbà, ní àdúgbò Boa Viagem. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ dúró níbẹ̀. Àwọn tó sì bọ́ lóko ẹrú tí wọ́n padà sí ilẹ̀ wa, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà, mú eré tiwọn bọ̀. Buriyan ni. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ mọ̀ ọ́n: obìnrin gàgàrà, àwọn ẹranko, àti orin ní èdè Potogí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ kò gbọ́ mọ́. Oṣù Jánúárì ni wọ́n ń ṣe é.

Ní Àjàṣẹ́ yìí náà ni wọ́n ti bí Romuald Hazoumè ní 1962. Ó rí àwọn bídọ̀n àlòkù tí wọ́n fi ń gbé epo ẹsáǹsì láti Nàìjíríà wọ ilẹ̀ wa. Ó gé wọn, ó sì sọ wọ́n di ojú: ẹnu bídọ̀n di ẹnu ènìyàn, ibi tí à ń dì mú di imú. Ẹ ó rẹ́rìn-ín tí ẹ bá rí i, nítorí ó dà bí ẹnì kan tí ẹ mọ̀. Ní 2007, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Arnold Bode ní ìlú Kassel, ní Jámánì.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀ ti gba orúkọ ní àgbáyé. Ní 2001, UNESCO kéde rẹ̀ pé ó wà lára ogún ńlá tí ọmọ ènìyàn jogún láti ẹnu dé ẹnu. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ó yẹ kí inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò tó ń wá wò ó ń fẹ́ èyí tó kúrú. Wọ́n ń fẹ́ ijó ọ̀sán, aṣọ aláràbarà àti àwòrán yíyà. Ẹni tó bá ń jó fún àlejò ní wákàtí kan kò níṣẹ́ bíbá olóyè wí.

Òru Ẹ̀fẹ̀ ni kò ṣeé gé kúrú. Èdè wa ni àwàdà ibẹ̀, orúkọ àwọn ènìyàn wa ló kún inú rẹ̀. Bí àlejò bá jókòó síbẹ̀, ẹnì kan ní láti máa túmọ̀ fún un. Kí ó tó túmọ̀ tán, gbàgede ti rẹ́rìn-ín, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ sì ti mú orin mìíràn.