Megapixel mélòó? Ẹ jẹ́ ká bi Bàbá Ojeikere 🧵

Ẹ̀yin tẹ ń wọ DM mi pé “Sister, megapixel mélòó ló tó fún portrait?”, ẹ jókòó. Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.

Ọdún 1950 ni J.D. ’Okhai Ojeikere, ọmọ Ẹdó tí wọ́n bí ní 1930, ra kámẹ́rà Brownie D. Kámẹ́rà tó rí bí àpótí, tí kò ní fláàṣì. Bẹ́ẹ̀ fíìmù inú ẹ̀ fẹ̀ ju fíìmù 35mm lọ ní ìlọ́po márùn-ún! Àmọ́ lẹ́ǹsì ẹ̀ ò lágbára tó fíìmù náà, kí wá ni àǹfààní fífẹ̀?

Ní 1954, Bàbá ríṣẹ́ n’Íbàdàn, nínú yàrá òkùnkùn tí Ministry of Information ti ń fọ fótò. Wọ́n ya fótò fún WNTV, kí wọ́n tó kó lọ sí Èkó ní 1963.

1968 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ohun tí ayé fi mọ̀ wọ́n: irun orí àwọn obìnrin. Ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan fótò, dúdú àti funfun. Ẹ̀yìn orí ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Portrait tí ò lójú, ẹ gbọ́ ná! 😅

Ẹ wá “Onílé Gogoro” wò, kẹ́ ẹ sún un mọ́jú. Ẹ máa rí bí òwú ṣe wé irun, ẹ máa rí ìlà tí wọ́n fi pín in. Irun tí wọ́n bá ti tú, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n onídìrí tòní lè wo fótò yẹn, kó sì dì í padà. Ibi tí resolution ti wúlò nìyẹn o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò: 24MP á tẹ fótò 20 × 13 inch jáde ní 300 dpi, kedere. Instagram tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ ń wá 45MP, 1080 pixel ni ìbú tó sábà máa ń gbé fótò yín sí. Àbí ògiri mùsíọ́mù lẹ fẹ́ gbé e kọ́? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ra 45MP yín.

Èmi, full-frame 24MP àlòkù ni mo rà. Mo fi owó tó kù ra lẹ́ǹsì 85mm, mo sì ta aṣọ funfun sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè rọ̀.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ yà ni onídìrí àdúgbò wa. Ṣùkú ló dì. Mo ní kó kọ̀yìn sí mi.