Ogójì Ọjọ́ Nínú Igbó Amazon

Ìtàn yìí jọ àlọ́ létí ẹni tó bá ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ òtítọ́ pọ́ńbélé ni, ó sì ṣojú gbogbo ayé.

Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, bààlúù kékeré kan, Cessna 206 ẹlẹ́ńjìnì kan ṣoṣo, gbéra ní Araracuara ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó kọrí sí San José del Guaviare. Ènìyàn méje ló gbé: awakọ̀, olórí àwọn ará ìbílẹ̀ kan, àti obìnrin ẹ̀yà ìbílẹ̀ Huitoto kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. Àgbà àwọn ọmọ náà jẹ́ ọmọbìnrin ọdún 13. Àbíkẹ́yìn kò ju oṣù 11 lọ.

Orí igbó Amazon ni wọ́n wà, igbó dídí tí oòrùn kì í kan ilẹ̀ rẹ̀, nígbà tí agbára ẹ́ńjìnì lọ. Awakọ̀ ké gbàjarè lórí rédíò. Láìpẹ́ ó ní ẹ́ńjìnì ti sọjí. Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́: ẹ́ńjìnì tún kú, ó ní òun ń wá odò tí òun lè bà sí. Kò débẹ̀. Bààlúù já wọ igbó, ó fi imú gúnlẹ̀, àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kú, títí kan ìyá àwọn ọmọ.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn ológun tó rí bààlúù náà. Wọ́n rí òkú àwọn àgbà, wọn kò rí ọmọ kankan. Fídà ni wọ́n rí, èso tí eyín ọmọdé ti gé, àti ipasẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú ẹrẹ̀. Háà! Àwọn ọmọ ń rìn! Bí wọ́n ṣe da igbó rú nìyẹn: ológun tó lé ní 100, àwọn ará ìbílẹ̀ tó mọ igbó, àwọn ajá, àti hẹlikópítà tó ń gbóhùn ìyá àgbà àwọn ọmọ náà jáde ní èdè Huitoto, pé kí wọ́n dúró sójú kan.

Òjò ń pa àwọn ọmọ náà, ejò ń bẹ, jágúà tó jọ ẹkùn ń bẹ. Kí ni wọ́n wá ń jẹ? Fariña tí wọ́n bá nínú bààlúù ni, ìyẹ̀fun pákí tí a rin, tí a fún, tí a yan. Ẹ̀yin tó ń mu gàrí, ìbátan yín ni! Gúúsù Amẹ́ríkà yẹn náà ni pákí ti bá ọkọ̀ àwọn Potogí wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí fariña tán, èso igbó ló kù. Ọmọ ọdún 13 ló mọ èyí tó ṣeé jẹ nínú rẹ̀ àti èyí tó ń pani, nítorí ìyá àgbà rẹ̀ ti kọ́ ọ. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ yẹn ló gba ẹ̀mí mẹ́rin là.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, ogójì ọjọ́ pé, wọ́n sì rí àwọn ọmọ náà láàyè. Rédíò àwọn ológun ké “iṣẹ́ ìyanu” lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àbíkẹ́yìn ti pé ọdún kan nínú igbó. Ìjọba kó ẹ̀rọ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ìbílẹ̀ ló kọ́kọ́ rí wọn.