Irinṣẹ́ Tí Wọ́n Fi Ń Ṣe Fọ́ọ̀kì Kẹ̀kẹ́

Fọ́ọ̀kì ni ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di táyà iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere mú, tí ọrùn rẹ̀ gba inú férémù lọ bá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò bá dọ́gba, kẹ̀kẹ́ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdọ́gba yìí ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ń lé.

Páìpù tó tọ́ gbọọrọ ni ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì onírin níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tì í sẹ́nu ẹ̀rọ kan tí òòlù kéékèèké yí ihò rẹ̀ ká, àwọn òòlù náà á sì máa gbá a yípo títí ìdí rẹ̀ á fi tín-ín-rín. Bó ṣe ń tín-ín-rín ni ara rẹ̀ ń nípọn sí i, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń lo páìpù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọ̀pá gígùn fà á tẹ̀ mọ́ ara irin kọdọrọ kan tó ní kòtò lójú. Wọ́n ní láti tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí wọ́n ń fẹ́, torí irin á sún padà díẹ̀ bí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀.

Irin ìdìmú ni mo kà sí ọba gbogbo wọn. Òun ló ń di ọrùn, ẹsẹ̀ àti èjìká tó so wọ́n pọ̀ mú sáyè wọn. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ òde òní, 100 mm ni àlàfo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n bá dì wọ́n mú tán ni iná tó dé, tí idẹ á yọ́ wọ oríkèé ní nǹkan bí 900°C. Bó bá ń tutù, irin á lọ́ díẹ̀, nítorí náà wọ́n á gbé e sórí tábìlì irin tó tẹ́jú, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì tún un tẹ̀ láìlo iná.

Ẹ̀rọ míì ń gé tírẹ́ẹ̀dì sí ọrùn àwọn fọ́ọ̀kì kan. 24 ló wà nínú íǹṣì kan lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n 26 ni Raleigh ti Nottingham, tó gbajúmọ̀ láyé àwọn bàbá wa, gé sí tiwọn. Ẹni tó bá fi túláàsì rọ́ nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ mìíràn wọ ọ́ á ba ọrùn náà jẹ́.

Fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi carbon ṣe kò nílò idẹ: mọ́ọ̀dù irin, àpò tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àti ooru ló ń ṣe é.

Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló kẹ́yìn. Ìlànà ISO 4210 ní kí wọ́n máa tẹ fọ́ọ̀kì síwá sẹ́yìn ní ìgbà 100,000. Èyí tó bá sán kò yege.