Ojúlé Ni, Kì í Ṣe Ìgbàgbé: Lórí Ohun tí Ìrántí Gbòógì Kọ̀ǹpútà Jẹ́

Ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi ìgbàgbé dá ìrántí gbòógì mọ̀ yàtọ̀ sí dísìkì: bí iná bá lọ, ohun inú rẹ̀ a pòórá. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà ní Mọ́níyà tàbí Lálúpọn nítòsí Ìbàdàn, tí wọ́n mú iná lọ kó tó fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, kò ní jiyàn. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ìtumọ̀.

Ẹ̀rí tí wọ́n ń fò dá kò jìnnà. Ní 1963, IBM ní ibùdó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Láyé ìgbà náà, òrùka òòfà wínníwínní tí wọ́n ki wáyà bọ̀ ni ìrántí gbòógì ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìhà tí òòfà bá kọjú sí ló ń sọ bóyá 0 ni tàbí 1, iná ìbáà wà, ìbáà má sí. Kíkà gan-an ló ń pa á rẹ́, tí ẹ̀rọ fi ní láti tún un kọ lójú ẹsẹ̀. Bí ìgbàgbé bá jẹ́ ìtumọ̀, a jẹ́ pé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kò ní ìrántí gbòógì. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìgbàgbé gbilẹ̀. Robert Dennard ti IBM ronú kan DRAM, irú ìrántí gbòógì tó ń gbàgbé, ní 1966, Intel sì gbé ṣíìpù DRAM tí wọ́n pè ní 1103 jáde ní 1970. Iná kín-ún tó ń jò ni bíìtì kọ̀ọ̀kan nínú DRAM. Láàárín ìwọ̀nba mìlísẹ́kọ́ńdì, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tún un rọ. Owó pọ́ọ́kú ló gbé e borí òrùka òòfà.

Ojúlé ni ìtumọ̀ tó tọ́. Báìtì kọ̀ọ̀kan wà ní ojúlé tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, pírósẹ́sọ̀ sì lè pe èyíkéyìí tààrà. Nọ́ńbà kì í yí, ohun inú ojúlé ló ń yí. Àní nọ́ńbà ojúlé kan lè jẹ́ ohun inú ojúlé mìíràn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Bíìtì 16 lè pe ojúlé 65,536; bíìtì 32 lè pe 4,294,967,296, ìyẹn GB 4. Dísìkì náà ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n báìtì 512 tàbí 4,096 ló ń kó jáde lẹ́ẹ̀kan, inú ìrántí gbòógì ni yóò sì kọ́kọ́ kó o sí kí pírósẹ́sọ̀ tó lè lò ó. Cache, ìrántí kékeré tó wà lẹ́bàá pírósẹ́sọ̀, kò yí èyí padà: ẹ̀dà ohun inú ojúlé ló ń tọ́jú.

Ní 2019, Intel tún gbé ìrántí tí kì í gbàgbé jáde, Optane, tí wọ́n ń kì sí ojú ihò DRAM. Ní 2022 wọ́n pa á tì. Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Ìrántí gbòógì ni Optane jẹ́ níbi tí pírósẹ́sọ̀ bá ti ń pe ojúlé rẹ̀ tààrà. Kí àwọn tó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ yọ ìgbàgbé kúrò nínú ìtumọ̀, kí wọ́n fi í sábẹ́ DRAM.