Láti Libreville sí orí yìnyín Oukaïmeden: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó san owó

Yìnyín kì í bọ́ ní Libreville, olú ìlú Gabon, nítorí pé ó súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tó sì fẹ́ fi pátákó síkì yọ̀ lórí yìnyín, lè rí i ṣe nílẹ̀ Áfíríkà.

Ìlú kékeré Oukaïmeden wà lórí òkè Atlas ní Morocco, ó sì máa ń gba àlejò fún eré yìí láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta.

Owó kékeré kọ́ ni ìrìn àjò náà ń gbà. Bí ẹ ṣe lè ṣètò rẹ̀ tí owó yín kò fi ní ṣòfò nìyí.

Ọ̀nà àti ìwé

Royal Air Maroc ń fò láti Libreville lọ sí Casablanca. Láti ibẹ̀, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin dé Marrakech, kí ẹ wá fi takisí gun òkè fún nǹkan bíi kìlómítà 75.

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà. Kí àwọn ọmọ orílẹ̀èdè mìíràn béèrè òfin tó kàn wọ́n ní iléeṣẹ́ aṣojú Morocco ní Libreville. Ẹ rí i pé ìwé ìgbélùú Gabon yín kò ní parí kí ẹ tó padà.

Owó

Ẹ ṣẹ́ CFA yín sí yúrò kí ẹ tó kúrò nílé. CFA 655.957 ni yúrò kan. Ẹ fi èyí wọn iye tí wọ́n bá pè fún yín.

Yìnyín kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn

Oṣù Kínní àti Kejì ló dára jù, ṣùgbọ́n ọ̀dá lè mú kí yìnyín ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, Marrakech ni kí ẹ wọ̀ sí. Ẹ béèrè bí òkè ti rí láràárọ̀, kí ẹ tó gòkè. Ẹ má ra pátákó síkì, torí wọ́n ń fi yáni níbẹ̀.

Ìlera

Oukaïmeden ga tó mítà 2,600, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí èémí ń le, ẹ sinmi. Bó bá ń pọ̀ sí i, ẹ sọ̀kalẹ̀ kíákíá.

Aṣọ òwú tó bá ti rin máa ń mú òtútù pọ̀ ni. Ẹ wọ aṣọ onírun àgùntàn sínú, kí ẹ wọ èyí tí omi kò lè wọ̀ sókè. Ẹ mú awò dúdú dání, nítorí ìtànṣán oòrùn tó ń ta padà lára yìnyín lè pa ojú lára.