Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé ní Àjàṣẹ́: Lọ́wọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Lásìkò amúnisìn, ilé ìtẹ̀wé ìjọba ní Àjàṣẹ́, tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, ló ń tẹ ìwé òfin Dahomey jáde. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń pinnu ohun tí a ó kà. Irú agbára yẹn náà ló wà nídìí wàhálà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláìlówáyà lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. Àwọn kan ní Linux fúnra rẹ̀ ló le. Rárá o: ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló fi àṣírí rẹ̀ pamọ́, tí wọn ò kọ dírafà (ètò tó ń darí ẹ̀rọ) fún Linux bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún Windows. Nígbà kan, ẹnìkan kọ̀ láti fún Richard Stallman, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní kóòdù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Xerox kan. Inú bí i, ó sì kéde iṣẹ́ GNU, ètò kọ̀ǹpútà tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ní 1983. CUPS, ètò ìtẹ̀wé tí Linux ń lò, dé ní 1999 pẹ̀lú IPP, ìlànà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nígbà tí Apple gbé AirPrint, ọ̀nà ìtẹ̀wé aláìlówáyà rẹ̀, jáde lórí IPP ní 2010, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ lé e (nítorí owó, kì í ṣe nítorí àánú). Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò mọ IPP. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ ní AirPrint kí ẹ tó ra àlòkù.